Kásẹ́ẹ̀tì Ultraman tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn: bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á là kó tó bu tán

Ẹ má tíì kì í bọ inú fídíò o! Mo mọ̀ pé ọwọ́ á ti máa yún yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti wá títí, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bí èmi náà ṣe ba tèmi jẹ́ nìyẹn. Inú àpótí páànù kan nílé wa ní Ìgbógbó ló ti wà látìgbà tí mo wà ní prámárì, mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo kì í bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ké wííín, nígbà tí màá fi rí i fà yọ, tẹ́ẹ̀pù ti lọ́ mọ́ra wọn nínú ẹ̀ bíi índómì. Ibi tí Ultraman, òmìrán akọni inú eré àwọn ará Japan, àti ẹranko ńlá kan tó ń jẹ́ Gomora ti ń jà nídìí ilé ọba àtijọ́ ìlú Osaka ló wà nínú ẹ̀. Ó lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ibi tí wọ́n bá ti ń náwó mo wà ńbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo ba kásẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ làwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó ayé ọjọ́sí wá, pé kí n bá àwọn gbé e sórí fláàṣì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ohun tí mo kọ́ yẹn náà ni mo fi gba Ultraman mẹ́rin tó kù nílé wa là.

Bó ṣe dé ilé wa ni pé àbúrò màámi, Bọ̀dá Sélọ̀ là ń pè é, ojú omi ló ti ń jẹun nígbà yẹn. Bí ọkọ̀ wọn bá ti dé Yokohama á ra kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, òun náà ló sì gbé fídíò àti tẹlifíṣàn tá a fi ń wò ó wálé. Ọjọ́ tó bá ti wà nílé, àwọn ọmọ àdúgbò á kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ò ráyè á so mọ́ fèrèsé bí àdán. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Japan nínú wa, Bọ̀dá fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ju kí wọ́n kí èèyàn kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ, ṣùgbọ́n yóò jókòó síwájú, á máa túmọ̀ fún wa bíi pé òun ló kọ ìwé ẹ̀. Ẹ̀dá inú sánmà tí wọ́n ń pè ní Baltan, tó ní ọwọ́ gàgàrà méjì bíi ti edé ńlá, Bọ̀dá ní Alákàn lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà létí ọ̀sà, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí lẹ fẹ́ pè é tẹ́lẹ̀? Títí dòní mi ò lè pè é ní Baltan kó dùn lẹ́nu mi.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé Power Rangers lẹ bá láyé, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Tokusatsu làwọn ará Japan ń pe irú eré báyìí, eré tó jẹ́ ọgbọ́n kámẹ́rà ni wọ́n fi ṣe gbogbo iṣẹ́ ìyanu inú ẹ̀: èèyàn ló wà nínú aṣọ rọ́bà, ilé kékeré tí wọ́n fi POP àti pákó kọ́ ló ń wó lulẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Eiji Tsuburaya, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n ojú inú fíìmù Godzilla ọdún 1954, ilé iṣẹ́ tiẹ̀ ló ṣe Ultraman. Oṣù keje ọdún 1966 ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn TBS, oṣù kẹrin ọdún 1967 ló parí, apá 39 ni gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hayata ló máa ń di Ultraman, bó bá ti na igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Beta Capsule sókè báyìí, ó di òmìrán tó ga tó mítà 40, tó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 35,000, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ láyé, iná àyà ẹ̀ tó jẹ́ búlúù á di pupa, á máa ṣẹ́jú. Bin Furuya lẹni tó wà nínú aṣọ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Power Rangers tiyín, ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, Zyuranger tí wọ́n ṣe ní Japan lọ́dún 1992 sì ni wọ́n ti gé ibi ìjà inú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe ìyẹn, àmọ́ nínú irú eré yìí, ẹ̀gbọ́n ni Ultraman jẹ́ fún un.

Wàyí o, ohun kan wà tó yẹ ká là yé ara wa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwòrán Ultraman fúnra ẹ̀ kò sọnù. Orí fíìmù gidi ni wọ́n ti yà á, wọ́n sì tọ́jú fíìmù náà, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó wà lórí dísìkì Blu-ray tí ẹni tó bá lówó lè rà. Ní Sukagawa, ìlú tí wọ́n ti bí Tsuburaya ní Fukushima, wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ kan lọ́dún 2020 fún àwọn ilé kéékèèké, ọkọ̀ òfuurufú àti aṣọ inú irú eré báyìí. Hideaki Anno tó jẹ́ olùdarí fíìmù wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú náà sílẹ̀ lọ́dún 2017, torí rọ́bà máa ń jẹrà, aṣọ tí wọ́n fi jà ní 1966 kò lè dúró bíi agbádá. Ìyẹn ni pé àwọn tó ni ín ti ń tọ́jú tiwọn.

Kí wá ni àwa ń tọ́jú? Tiwa ni. Bí wọ́n ṣe wò ó ní Ìgbógbó, ní Ìjẹdè, ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó gbé e wá, orúkọ tá a sọ wọ́n, nǹkan tí wọ́n gbà lé e lórí. Kò sí ìyẹn ní Sukagawa. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó lọ, ó lọ náà ni.

Ó dáa, ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn wá. Kẹ́ ẹ tó nù ún, kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwá lẹ́yìn, pàápàá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lára ọ̀kan nínú tiwa, Bọ̀dá fi báírò kọ ọ́ gàdàgbà pé ULTRAMAN 3 MA FI OWO KAN AN, àmì ìka ẹnì kan tó fi epo pupa kàn án ṣáá sì wà lábẹ́ ẹ̀. (Èmi kọ́ o.) Ẹ má yọ bébà yẹn, ẹ má nù ún kúrò.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú gíláàsì kékeré tó wà láyà kásẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ẹ̀pù tó dáa máa ń dúdú, á máa dán. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun létí ẹ̀, tàbí ó ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú omi, ó ti bu nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ rárá, torí ẹ̀rọ á kó o ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tún wọ ibẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi nǹkan bo imú yín bẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìkòròdú ò gbẹ, ọ̀sà níwájú, òjò lókè, bàtà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá ń bu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró de ọyẹ́. Láti Disẹ́ḿbà títí wọ Jánúárì, afẹ́fẹ́ gbẹ fúnra ẹ̀, iṣẹ́ tó máa gbà yín lọ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà òjò kò ní gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ ẹ ò bá lè dúró, ẹ wá ike tó ní ìdérí tó dé dáadáa, ẹ kó àwọn pákẹ́ẹ̀tì kékeré oníhóró (silica gel) tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun síbẹ̀, kó pọ̀, ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ dé e. Ẹ má sá a sóòrùn bí èlùbọ́ o! Mo ti rí ẹni tó ṣe é, òrùn ká kásẹ́ẹ̀tì náà kò bíi àkàrà tó jóná.

Tó bá ti gbẹ tán, tí funfun yẹn sì wà níbẹ̀, ẹ máa tú u. Síkírù márùn-ún ló wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ẹ kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò níye lórí dánra wò, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ ya fọ́tò inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan kan, torí àwọn síprín kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti fò, kẹ́ ẹ máa wá wọn lábẹ́ àga títí ilẹ̀ á fi ṣú. Aṣọ tí kì í já fọ́nrán ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ má fọwọ́ lásán kan tẹ́ẹ̀pù fúnra ẹ̀, òróró ọwọ́ wa ò dáa fún un. Bí páálí ike ẹ̀ bá ti fọ́, ẹ lè gbé tẹ́ẹ̀pù sínú ike kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Bó bá ti pọ̀ jù ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Létí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, apá òsì, ike pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ̀rọ lè gba nǹkan lé e. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, kò ní gbà. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà nílé ìtajà, wọ́n ti máa ń yọ ọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa gbọ́n, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù bo ihò yẹn, wọ́n á wá gba ohun tó wù wọ́n lé e. Bẹ́ ẹ bá rí sẹ́lótéèpù níbẹ̀, ẹ ṣí i kúrò, bó bá sì jẹ́ ike ló wà ńbẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ. Ìka kan tó bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì pupa ti tó láti pa ogójì ọdún rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ló sì ń sú èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń ṣe fídíò tuntun mọ́, Funai ní Japan ló ṣe é kẹ́yìn, wọ́n sì dáwọ́ dúró lọ́dún 2016. Àlòkù nìkan ló wà báyìí. Ẹ bi àwọn bàbá àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó gba Alábà lọ, ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi aṣọ kírọ́sọ́ bò ó bí ìyàwó. Àmọ́ kì í ṣe èyíkéyìí ṣá lẹ máa gbé. Ìlànà tí wọ́n fi ń gba àwòrán sórí kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú: NTSC ni kásẹ́ẹ̀tì tó ti Japan wá, PAL ni tiwa níbí. Bẹ́ ẹ bá fi kásẹ́ẹ̀tì Japan sínú fídíò tó gbọ́ PAL nìkan, àwòrán á máa yí gbirigbiri lọ sókè, tàbí kó di dúdú òun funfun, èèyàn á wá rò pé kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Mo mọ ìyá kan ní Agric tó da odidi páálí kan nù torí èyí, kásẹ́ẹ̀tì ò sì ṣe nǹkan kan. Èyí tó gbọ́ PAL, SECAM àti NTSC lẹ fẹ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ síwájú ẹ̀ tàbí sẹ́yìn.

Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ yọ iná ẹ̀, ẹ ṣí orí ẹ̀, ẹ máa rí nǹkan róbótó kan tó ń dán bíi ìdérí ìkòkò, orí ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ rin bébà tàbí awọ rírọ̀ pẹ̀lú isopropyl alcohol, ẹ gbé e lé ara ẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ kejì yí róbótó yẹn jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ o, ẹ ò gbọ́dọ̀ nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, orí kékeré inú ẹ̀ á ṣẹ́, ẹ̀rọ náà sì parí nìyẹn. Ẹ má lo òwú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kásẹ́ẹ̀tì àlòtì lẹ máa kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe Ultraman. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ wá fi Ultraman sí i, ẹ kọ́kọ́ yí tẹ́ẹ̀pù náà síwájú dópin, kẹ́ ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó lè ká ara ẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ọdún tó ti fi sùn.

Láti ibẹ̀ wáyà mẹ́ta ló kù, yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn, láti ẹ̀yìn fídíò bọ́ sínú nǹkan kékeré oní-USB tí wọ́n fi ń gba fídíò sínú láptọ́ọ̀pù. Áàpù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ OBS Studio ni mo fi máa ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ fún un pé NTSC ni, 720 sí 480, fírémù 29.97 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Bó bá bi yín pé irú fáìlì wo lẹ fẹ́, MKV àbí MP4, ẹ mú MKV lásìkò tẹ́ ẹ ń gbà á, torí bí iná bá lọ láàárín, MP4 lè má ṣí mọ́ láyé, àmọ́ MKV, ibi tó gbà dé yẹn á wà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tá à ń gbé. Bó bá ṣeé ṣe ẹ lo inverter, torí jẹnẹrétọ̀ kékeré wọ̀nyẹn máa ń jẹ́ kí ìlà máa sáré lójú àwòrán, tí iná bá sì lọ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń yí, inú ẹ̀rọ ló máa há sí, ẹ má fi agbára fà á, ẹ dúró kí iná dé. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú o, kásẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì, wákàtí méjì ló máa gbà. Fáìlì ẹ̀ á tó nǹkan bíi GB méjì sí méjì àbọ̀ fún wákàtí kan bẹ́ ẹ bá gbà á ní ìwọ̀n megabit márùn-ún.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kásẹ́ẹ̀tì kẹta yẹn, èyí tí wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn. Mò ń gbà á lálẹ́ ọjọ́ kan, Ultraman ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú kọ ẹranko kan tó ń jẹ́ Red King, àwòrán kàn gbọ̀n rì, ó di dúdú òun funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ohùn onísákárà wọlé. Mo ní ha! Mo yí i sí PAL. Ìyá àgbà ló yọ. Ìyá àgbà tó ti kú látọjọ́ yìí, wọ́n wà nínú léèsì búlúù, gèlè wọn ti fẹ́ẹ̀ já, wọ́n ń jó bọ̀ wá síbi kámẹ́rà, ẹnì kan ń lẹ náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá mọ́ wọn níwájú orí. Ìkómọ àbúrò mi ni, 1991. Wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù bo ihò, wọ́n gbà á lé Red King lórí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi jó, lẹ́yìn náà ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, Ultraman ti ń fò lọ sókè, ìjà ti parí. Títí dòní àbúrò mi ló ń jẹ́ Red King nínú ilé wa.

Bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ní NTSC, ẹ̀ẹ̀kan ní PAL, fáìlì méjèèjì lẹ máa tọ́jú. Ẹ má gé e. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yọ ìkómọ kúrò kí Ultraman lè dá wà, èmi ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ Red King tó mọ́ rekete, ó wà lórí Blu-ray. Ìyá àgbà ò sí níbì kankan mọ́.

Ẹ kọ orúkọ fáìlì kó yé ẹni tí kò mọ̀ yín, nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà nínú ẹ̀, ilé tó ti wá, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á. «video new final 2» kì í ṣe orúkọ. Ẹ̀dà mẹ́ta lẹ fẹ́, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hádì dísìkì, ọ̀kan níbi tó jìnnà sílé, tèmi wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Badagry. Fláàṣì òpópónà tí wọ́n bá ní GB 512 ni, tí owó ẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sá fún un, irọ́ ni nọ́ńbà ara ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún un pọ̀ títí ojú Ultraman á fi di ọ̀dùnkún. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ìdí bí ìwé lórí ṣẹ́lífù, kó jìnnà sí ògiri tí omi ń ta sí àti sí sípíkà, torí mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú sípíkà.

Bẹ́ ẹ bá ní ọmọlangidi rọ́bà ẹ̀, ọṣẹ tí kò le àti omi lẹ fi máa fọ̀ ọ́, bíróòṣì rírọ̀, kẹ́ ẹ gbé e kúrò lóòrùn. Ẹ má dì í sínú náílọ́ọ̀nù níbi tó gbóná, òróró máa ń jáde lára irú rọ́bà yẹn, á di lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́, ọ̀dà ojú ẹ̀ á sì ràn mọ́ náílọ́ọ̀nù.

Ó ku ti òfin. Ohun tẹ́ ẹ gbà yẹn, ilé yín ni kó wà, ẹ má tà á, ẹ má gbé odidi apá kan sórí YouTube, Tsuburaya Productions ló ni ín, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá ilé iṣẹ́ kan ní Thailand ṣẹjọ́ lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ lẹ́yìn odi Japan, nítorí ìwé àdéhùn kan tí ilé iṣẹ́ Thailand yẹn ní wọ́n kọ lọ́dún 1976, kóòtù kan ní California ló dá Tsuburaya láre lọ́dún 2018. Wọ́n ní ojúlé YouTube tiwọn tí wọ́n ń gbé eré wọn sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ darí àwọn ọmọ yín sí. Tiyín tẹ́ ẹ lè gbé síta ni ìtàn yín, fọ́tò bébà ara kásẹ́ẹ̀tì, àti ohùn àwọn tó wò ó.

Ohùn yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀, kò gba ẹ̀rọ kankan ju fóònù lọ. Bẹ́ ẹ bá ti gba àwòrán náà tán, ẹ pe àwọn tó wò ó nígbà náà jókòó, ẹni méjì mẹ́ta ti tó, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ariwo ni. Ẹ gbé àwòrán síwájú wọn, ẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ pa fáànù náà, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì nítòsí ẹnu wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n rántí, wọ́n á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé ta ló jókòó síbo, kí la jẹ lọ́jọ́ yẹn, ta ni wọ́n lù. Tí wọ́n bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú eré, ẹ má tún un ṣe. Irọ́ wọn gan-an lẹ wá gbà.

Ọjọ́ tí mo ṣe ti Bọ̀dá Sélọ̀, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo kọ́kọ́ gbé apá kẹrìnlélọ́gbọ̀n síwájú wọn, ibi tí Hayata ti ń jẹ́ kọ́rì tó sáré jáde lọ bá ẹranko, tó fẹ́ na Beta Capsule sókè, tó jẹ́ pé ṣíbí ìjẹun ló nà. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, wọ́n ní torí ìyẹn ni gbogbo wa fi ń na ṣíbí ẹ̀wà sókè ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí ẹ̀wà fi ń kán sí wa láṣọ. Mo ti gbàgbé ìyẹn pátápátá.

Mo wá gbé apá kẹtàlélógún. Ẹranko inú ẹ̀ ń jẹ́ Jamila, ara ẹ̀ gbẹ bí amọ̀ tó sán, iná ò ràn án, omi ló pa á, ó ń yí nínú ẹrẹ̀ tó ń ké bí ọmọdé. Nígbà tá a wà ní kékeré, Bọ̀dá sọ fún wa pé èèyàn ni, ọmọ ẹnì kan tó rìnrìn àjò, táwọn tó rán an níṣẹ́ ò wá a mọ́. A rò pé irọ́ wọn náà ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹni tí wọ́n rán lọ sínú sánmà ni Jamila, ó já sí ayé kan tí kò lómi, ìjọba ẹ̀ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ní Bọ̀dá, ẹ ò gbọ́ èdè wọn, báwo lẹ ṣe mọ̀? Wọ́n ní, «Ìwọ, ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí ojú ẹni tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn odi ṣe ń rí ni?» Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọkọ̀ kan tó já wọn sílẹ̀ ní èbúté kan, tí owó oṣù wọn ò dé, ọ̀rọ̀ tí màámi ò gbọ́ rí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí nílé wa. Wọn ò tíì sọ ọ́ débi kan tí wọ́n mú iná lọ. Tẹlifíṣàn kú, gbogbo ilé ṣú, Bọ̀dá ò tiẹ̀ dúró, wọ́n kàn ń sọ ọ́ lọ nínú òkùnkùn. Fóònù ṣì ń gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ìró jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ibi tí mo ti dìde tí mo fẹ́ lọ tan tiwa, tí wọ́n ní kí n jókòó.